Ojú Tí Philemon Ń Dì

Ní ọdún 1996, nígbà tí ọyẹ́ ká kúrò tí ojú ọ̀run ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tún mọ́ gaara, Philemon Ọdúnlámì wà lórí ọ̀pẹ ní oko wọn lẹ́yìn Òde-Ayé, ló bá rí i pé nǹkan ń rìn nínú ojú òun.

Ó ti gé ìdì ẹyìn àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ojú sókè kó lè wo ibi tí yóò ti àdá bọ̀ láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, ló bá rí wọn. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n, wọn kò tó orí abẹ́rẹ́, wọ́n ń sáré káàkiri lójú sánmà bí ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹnì kan ju òkúta sí láàárín. Èyí yọ, ó sáré díẹ̀, ó pòórá. Òmíràn tún yọ níbòmíràn. Ó ṣẹ́jú, wọn kò lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọn kò lọ. Bó bá wo ewé tàbí ara igi, kò ní rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti tún gbójú sókè báyìí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Igbà nìkan ló so ó mọ́ ara ọ̀pẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé orí ọ̀pẹ kì í ṣe ibi tí àyà ti ń já èèyàn. Bí àyà bá já, ọwọ́ á gbọ̀n; bí ọwọ́ bá gbọ̀n, àdá ò ní mọ ibi tó ń lọ. Philemon fi iwájú orí ti igi, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn.

Akọ̀pẹ ni bàbá náà. Láti Òde-Ayé dé Ìlútítun, àwọn àgbà ṣì ń sọ bó ṣe máa ń gun ọ̀pẹ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọgọ́ta ọdún ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò pọ́n, kò dùn ún, kò da omi. Ńṣe ni ayé ń há mọ́ ọn, bí ilé tí wọ́n ń ti fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà. Àwọn kan ní èérún ọ̀pẹ ló kó sí i lójú. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Kò sí ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wo inú ojú náà. Ẹ̀yìn ilé ló jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ wá èkùrọ́ nínú ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Philemon ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà. Bó ṣe parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá ti gbé igbà lé e lọ́wọ́, kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Catherine ìyàwó rẹ̀ ní ẹbu lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń se ẹyìn tí ọkọ bá kó wálé, tó ń fún un, tó ń ṣe epo. Gbémi, ọmọ wọn, wà ní ilé-ìwé girama ní Okitipupa. Orí ọ̀pẹ ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Bí Philemon kò bá gùn, ẹbu á kú. Bí ẹbu bá kú, Gbémi á padà wálé. Kò sí ohun tó ṣòro nínú ìṣirò yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jókòó sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó fi ọ̀tún wo sánmà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí èèrùn. Ó wá bo ọ̀tún, ó fi òsì wò. Sánmà mọ́ roro, kò sí ohun tó ń mira níbẹ̀. Philemon mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ṣì dára. Ọ̀tún ló ń bàjẹ́, òsì ni òun yóò máa lò.

Ìpinnu náà kò burú lójú ẹni tó ṣe é. Èyí tó bá ṣàìsàn, kí á jẹ́ kó sinmi. Èyí tó bá le, kó ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe sí orúnkún, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe sí eyín. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Philemon á di ojú ọ̀tún, á yí orí díẹ̀, á sì máa fi òsì rìn.

Àwọn èèyàn rí i. Dora, obìnrin kan tó máa ń wá ra epo láti Igbodigo, ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Gbémi, ta lẹ ń ṣẹ́jú sí? Ìyàwó yín ló wà lẹ́yìn ìkòkò yẹn o."

Catherine kò gbé ojú kúrò lórí iná. "Fi í sílẹ̀. Bó bá rí arẹwà tó máa bá mi ru igi ìdáná, kó ṣẹ́jú sí i dáadáa."

"Ẹ̀yin kò mọ̀ pé ojú kan ti tó wo obìnrin," ni Philemon wí. "Bí ẹ bá fi méjèèjì wò ó, ẹ ò ní lè sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Catherine kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Nígbà tí Dora lọ tán, ó bi í léèrè.

"Kí ló ṣe ojú yẹn gan-an?"

"Eruku ni."

"Eruku láti ọjọ́ tí mo ti ń rí i?"

"Ṣé mo ní kí eruku máa sọ fún mi kó tó wọlé ni?"

Ìbẹ̀rù ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, bí kò tilẹ̀ bèèrè owó. Lọ́wọ́ Philemon, ó gba oorun, ó gba adùn oúnjẹ. Púpurù tí Catherine ń gbé ka iwájú rẹ̀ ń tutù sínú abọ́. Ó tún wá kíyè sí ohun mìíràn tó mú kí ìbẹ̀rù náà le sí i: èjìká rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ agbada epo dànù lọ́sàn-án gangan. Ọmọ kan kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò rí ọmọ náà àfìgbà tó yí orí sí i pátápátá. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní àìsàn ọ̀tún ti ń ràn mọ́ òsì. Ló bá tún di ojú ọ̀tún náà pinpin, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè.

Ilé Ọdúnlámì ní òfin kan lórí igbà, bàbá wọn ló fi lélẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gun ọ̀pẹ kì í yẹ igbà ara rẹ̀ wò. Ẹnìkejì rẹ̀ ni í yẹ̀ ẹ́ wò fún un, nítorí igbà tí ojú ẹni bá ti mọ́ jù, ẹni kì í rí àlébù rẹ̀, bí ìyá kì í ti í rí àlébù ọmọ. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò á na igbà náà láti orí dé ìdí, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á fà á, á wá dá a padà fún oníǹkan, á ní, "Gùn ún." Bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Philemon àti Benedict, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti inú ìyá kan náà, kò fi òfin yìí ṣeré rí. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Benedict na igbà rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Philemon di ojú ọ̀tún, ó fi òsì wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á.

"Gùn ún," ló wí.

Benedict gùn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí imọ̀ nígbà tí Philemon gbọ́ tí nǹkan dún pá bí igi gbígbẹ. Igbà já ní apá kan. Benedict ju ọwọ́ méjèèjì mọ́ igi, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó sì ń fi àyà wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Philemon dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ sókè sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Nígbà tí Benedict balẹ̀, awọ àyà rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀.

Benedict mú igbà náà, ó wò ó. Ibi tó ti já kì í ṣe ibi tó fara sin. Ó ti ya díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, ó sì funfun síta gbangba.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ojú wo lẹ fi wo nǹkan yìí?"

"Òsì."

"Òsì báwo?"

Philemon jókòó sórí ìdì ẹyìn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àwọn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀, bó ṣe dán ojú méjèèjì wò, bó ṣe ń di ọ̀kan. Benedict ń fi ewé nu àyà bó ti ń gbọ́.

"Ṣé bàbá wa rí irú nǹkan yìí kí ojú rẹ̀ tó lọ?"

"N kò mọ̀. Ìgbà wo ni bàbá sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?"

"Èmi kò rí nǹkan kan rí ní tèmi," ni Benedict wí, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ìyẹn. "Bí mo bá wo sánmà, sánmà ni mo ń rí."

Kí oòrùn tó wọ̀, Philemon sọ fún Catherine fúnra rẹ̀. Ó rò pé yóò sunkún. Catherine kò sunkún. Ó kó ọwọ́ kúrò nínú epo, ó nù ún sára ìró, ó ní, "Eruku. Eruku ló fẹ́ rán Benedict lọ bá ìyá yín nínú sàréè." Lẹ́yìn náà ló ní wọ́n ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn dókítà ojú kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n máa lo gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Okitipupa, wọn kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Kò bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Ó kàn sọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ.

Bẹ́ǹṣì kún nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde, Philemon á wo ojú rẹ̀, bóyá yóò rí ìdájọ́ kà níbẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó tì í, kò sì jẹ́ kí ẹnu sinmi.

"Lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, mo ti há a sórí," ni tíṣà wí. "Gbogbo ẹni tó ń kà á ló ń pariwo. Bí wọ́n bá pè mí, n óò kà á dé ìsàlẹ̀, n óò tún kà á padà sókè."

"Bẹ́ẹ̀ ẹ ò ríran?" ni Catherine bi í.

"Ìyàwó mi ló ní n kò ríran. Mo fẹ́ kó ní ìwé tó máa fi tijú ni."

Catherine rẹ́rìn-ín. Philemon gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀rín náà kò jáde.

Dókítà Àjíṣafẹ́ ni wọ́n mú un lọ bá, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ dí fèrèsé yàrá náà. Nígbà tí Philemon sọ ohun tó ń rí, kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó mú iná kékeré kan tí wọ́n fi gíláàsì búlúù sí lẹ́nu, ó ní kó bo ojú òsì, kó wo inú iná náà.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

Philemon fà sẹ́yìn. "Wọ́n ti dé."

"Ẹ má bẹ̀rù wọn. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ṣé bákan náà ni wọ́n ń sáré?"

Kò tíì wò wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Sísá ló ń sá fún wọn láti ọjọ́ yìí. "Rárá," ló wí. "Ó dà bí ẹni ń tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n á sáré, wọ́n á rọra, wọ́n á tún sáré."

Dókítà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ó sì ń fi ìka ọwọ́ kejì kan tábìlì: kó, kó, kó. Bó bá ti kan tábìlì, àwọn ẹ̀kán náà á fò síwájú.

"Ẹ̀jẹ̀ ara yín lẹ ń wò yẹn," ni dókítà wí. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Akọ̀pẹ ni mí. Ìyàwó mi ló ń ṣe epo."

Dókítà yí sí Catherine. "Mà, lọ́jọ́ tí ẹyìn bá pọ̀ ní ẹbu, báwo ni àwọn tó ń pọn omi ṣe ń ṣe?"

"Wọ́n á máa sáré ni. Iná ń jó, ìkòkò ń bèèrè omi."

"Ọjọ́ tí ẹyìn kò bá sí ńkọ́?"

"Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ èèyàn."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹyinjú, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, pàápàá ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ dé bá a nìyẹn. Ó ń fẹ́ oúnjẹ. Àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ á fẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ̀ níbẹ̀ kíákíá. Bí iṣẹ́ bá dín kù, wọ́n á sún kì padà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló pọ̀ jù nínú iṣan, ó sì ń gbé àwọ̀ búlúù mì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun díẹ̀díẹ̀ wà láàárín wọn, ìyẹn ń jẹ́ kí búlúù kọjá. Àwọn lẹ rí tó ń tàn tó ń sáré. Gbogbo èèyàn tí ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ló ní wọn. Ọ̀pọ̀ kò wo sánmà pẹ́ tó láti kíyè sí wọn ni. Ẹ̀yin, sánmà ni iṣẹ́ yín."

"Kì í ṣe àìsàn?"

"Àlàáfíà ni."

Philemon rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ń há a láyà láti ọjọ́ yìí. Catherine fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n rí omi tó wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí á wo èkejì," ni dókítà wí.

Philemon bo ojú ọ̀tún, ó wo inú iná náà. Búlúù ló rí, ó mọ́, ó pa rọ́rọ́. "Eléyìí kò ní nǹkan kan," ló wí, tayọ̀tayọ̀. "Òun ló mọ́."

Dókítà ní kó wò ó sí i. Ó yí iná náà díẹ̀, ó ní kó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó kán omi sí ojú méjèèjì, ó fi irinṣẹ́ kékeré kan tẹ ẹyinjú wò fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ojú òsì pẹ́, ó wo ọ̀tún, ó tún padà sí òsì. Philemon ń gbọ́ èémí rẹ̀ nítòsí. Ẹ̀rín ti tán nínú yàrá náà. Catherine ti dìde dúró láìmọ̀.

"Bàbá, n kò ní parọ́ fún yín," ni dókítà wí. "Omi kan ń wọ inú ẹyinjú, ó sì ń jáde. Nínú ojú yín kì í ráyè jáde bó ṣe yẹ. Ó ń tì, ó ń tì, ó sì ti tẹ okùn tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ní òsì, orí okùn náà ti funfun, ó ti jin kòtò. Iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ náà ti dín kù. Nílùú òyìnbó, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí iṣan ṣe ń fẹ̀ bí iná bá tàn sí i. Èmi, tọ́ọ̀ṣì àti ojú mi ni mo ní, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ti tó. Ìwọ̀nba àárín ló kù tí òsì ń rí, bí ẹni ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ojú ọ̀tún ló ti ń bá a bo àṣírí."

"Ojú ọ̀tún tí mò ń dì?"

"Ojú tí ẹ̀ ń dì, òun lẹ ní."

Philemon wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rí igbà Benedict lọ́kàn, bó ṣe na án láti orí dé ìdí, tó sì ní, "Gùn ún."

"Ṣé èyí tó lọ máa padà?" ni Catherine bèèrè.

"Rárá, Mà. Èyí tó kù la fẹ́ dì mú. Omi ojú wà tí ẹ óò máa kán láàárọ̀ àti lálẹ́. Kì í ṣe fún oṣù kan. Títí láé ni. Ọjọ́ tí kò bá sí ìrora ni kí ẹ má gbàgbé rẹ̀ jù, nítorí kì í dunni kó tó lọ."

"Ọ̀pẹ ńkọ́?" ni Philemon bèèrè.

"N kò gun ọ̀pẹ rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ óò rán ẹni tó ń fi ojú kan ríran lọ sókè pẹ̀lú àdá?"

Philemon mọ èsì, Catherine náà mọ̀ ọ́n.

Dókítà ń kọ ìwé oògùn nígbà tó bèèrè nípa bàbá rẹ̀. Philemon sọ bí ojú bàbá ṣe lọ. Gègé dúró lọ́wọ́ dókítà.

"Nǹkan yìí máa ń tẹ̀lé ẹbí. Ṣé ẹ ní ọmọ ìyá?"

"Ọ̀kan. Benedict."

"Kí ló ń ṣe?"

Catherine ló dáhùn. "Òun náà ń kọ ọ̀pẹ. Ó ní òun kò rí ẹ̀kán kankan rí."

"Ìyẹn nìkan kò sọ nǹkan kan," ni dókítà wí kíákíá. "Ọ̀pọ̀ ẹni tí ojú wọn dá ṣáṣá ni kò kíyè sí i. Ṣùgbọ́n ẹ mú un wá lọ́la kí oòrùn tó kan àtàrí. A ti ń kó ẹrù wa."

Wọ́n gba ilé Benedict kọjá nígbà tí wọ́n padà. Benedict gbọ́ ohun gbogbo, ó káàánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì kọ̀.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ibi tí ẹ wọ̀ tí ẹ lójú méjì, tí ẹ jáde tí ẹ ní ẹyọ kan?"

"Bí wọ́n ṣe bá ojú náà ni wọ́n ṣe sọ, àwọn kọ́ ló bà á jẹ́," ni Catherine wí.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyìn ti pọ́n lórí ọ̀pẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá ní gùn mọ́, ta ni yóò gùn? Èmi náà kí n tún lọ jókòó kí wọ́n wá ní kí n sọ̀kalẹ̀?"

Ó wí tinú rẹ̀. Bí akọ̀pẹ méjèèjì bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé méjì ni ebi máa kàn. Ìyẹn ni Philemon rò mọ́jú.

Ní òwúrọ̀, Benedict ti wà nídìí ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà tuntun. Ó na án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Philemon kò gbà á.

"Ẹ gbà á wò fún mi."

"N kò ní yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ojú ọ̀tún dára, ṣebí ẹ ní ó dára? Ẹ fi òun wò ó."

"Ó dára. N kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò."

Benedict fi igbà náà yí igi ká, ó so ó. "Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò níjọ́sí, kí ló rí níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Philemon jẹ́ kó wọ̀ ọ́. "Kò rí nǹkan kan," ló wí, "ó sì dá a lójú pé ó rí i. Bí ìwọ náà ṣe dá ara rẹ lójú lónìí nìyẹn. Bó o bá fẹ́ gùn láìsí ẹni tó ní kó o gùn, gùn. Àwa méjèèjì la gbọ́ ohun tí bàbá wí."

Benedict fi ẹsẹ̀ kan sórí igi. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ kan ń ké lókè láàárín imọ̀, oòrùn sì ti ń gòkè lẹ́yìn igbó. Philemon ń wo oòrùn náà; bó bá kan àtàrí, dókítà á ti lọ. Nígbà tó pẹ́, Benedict gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó tú igbà.

"Bí wọ́n bá ní kí n má gùn mọ́," ló wí, "ilé yín ni n óò ti máa jẹun o."

"Wá máa jẹ. Púpurù Catherine kì í tán."

Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì lọ sí Okitipupa. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń di àpótí, wọ́n ti ká aṣọ kúrò ní fèrèsé. Dókítà Àjíṣafẹ́ wo ojú Philemon, ó wo Benedict, ó ní kí wọ́n tú àpótí kan padà, kí wọ́n sì ta aṣọ náà.

Philemon jókòó sórí àga lẹ́yìn wọn. Ó ń gbọ́, kò lè wò.

"Kí lẹ rí?" ni dókítà bèèrè.

"Búlúù ni," ni Benedict dáhùn.

"Ẹ má kánjú. Ẹ jẹ́ kí ojú yín sinmi sínú rẹ̀."

"Búlúù náà ni."

Philemon di etí àga mú. Dókítà kò yí ohùn rẹ̀ padà. Ó ní kó má wá nǹkan kan, kó kàn máa wò. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà Benedict fa èémí sínú.

"Nǹkan kan kọjá níbẹ̀ yẹn. Òmíràn rèé. Háà, wọ́n pọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé àwọn lẹ̀ ń sá fún?"

Ojú kejì náà rí wọn. Dókítà wá fi irinṣẹ́ kan ẹyinjú rẹ̀, ó sì wo inú rẹ̀ pẹ́. Omi inú ojú Benedict náà ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ní ojú méjèèjì. Okùn ìríran ṣì yè, ó ṣì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì jin kòtò. Bí ó bá kán oògùn láìyẹ̀, tó sì ń yọjú sí dókítà lóòrèkóòrè, ó lè mú un lọ sọ́jọ́ ogbó. Bí kò bá kán an, yóò gba ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà.

"Ṣé mo lè gun ọ̀pẹ?" ni Benedict bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ní báyìí, ẹ lè gùn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá bi mí."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé Ọdúnlámì ṣe wá ní akọ̀pẹ kan ṣoṣo. Philemon ń yẹ igbà wò báyìí pẹ̀lú ojú ọ̀tún, ó ń fi ìka tọ ibi tí ojú lè fò dá, ó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń ṣa ẹyìn, ó ń là á, ó ń rù ú lọ sí ẹbu. Catherine ló ń kán omi ojú fún un, kì í gbà kó dá kán an, ó ní yóò dà á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Benedict ń wá kán tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbàgbé. Tí wọ́n bá ti kán an tán, ọkùnrin méjèèjì á gbé orí sẹ́yìn sára ògiri, wọ́n á sì di ojú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun náà ní tirẹ̀ tó ń gbà. Ní gbogbo ọdún tí Philemon fi gun ọ̀pẹ, kò mọ ohun tí ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń rí. Nígbà tí Benedict bá wà lókè, ó ń gbọ́ àdá, ó ń gbọ́ bí igbà ṣe ń dún lára igi. Bí ìró náà bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dá lórí ẹyìn.

Ọjọ́ kan Catherine gbé omi wá fún wọn ní oko, ó bá a lórí ìdúró nídìí ọ̀pẹ.

"Jókòó, Bàbá Gbémi. Ìdúró rẹ kọ́ ló dì í mú lókè."

"Mo mọ̀," ni Philemon wí. Kò jókòó. Ìró àdá ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ lókè ni.

"Benedict," ló pè.

"Mò ń nu àáòógùn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Nù ún, kó o sọ̀kalẹ̀. Èyí tó o gé ti tó fún òní."